Erin Wo Lẹ Rí? Ohun Tó Mú Kí Ó Ṣòro Láti Mọ Ibi Tí Ẹ̀yà Kan Parí Sí

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2021, ìbéèrè kan délẹ̀ tí òwe yìí kò dáhùn: erin wo lẹ rí? Ọjọ́ náà ni àjọ IUCN, tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kéde pé erin Áfíríkà kì í ṣe ẹ̀yà kan mọ́. Méjì ni wọ́n, erin ọ̀dàn àti erin igbó. Kó tó di ọjọ́ yẹn, orúkọ kan ni wọ́n fi ń kọ àwọn méjèèjì, wọ́n sì fi wọ́n sí ipò kan náà, ipò tó fúyẹ́ jù nínú àwọn ipò ewu mẹ́ta tó wà nínú ìwé wọn. Ìgbà tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ojú wá là. Erin igbó ti dín ní ohun tó ju ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ọdún 31. Erin ọ̀dàn ti dín ní ìdá 60 ó kéré tán láàárín ọdún 50. Wọ́n gbé erin igbó lọ sí ipò tó le jù, èyí tó kángun sí kí ẹranko parẹ́ nínú igbó.

Kò sí erin kan tó yí padà lóru ọjọ́ náà. Ìwé ló yí padà. Síbẹ̀, ìwé yẹn ni àwọn ìjọba àti àwọn tó ń fi owó ran ìtọ́jú ẹranko lọ́wọ́ máa ń wò kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn yóò sáré sí. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀yà, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní species, kan gbogbo wa, kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan.

Ẹ jẹ́ ká súnmọ́ àwọn erin méjì yìí wò. Erin ọ̀dàn ni èyí tí a máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ga, etí rẹ̀ fẹ̀, ó sì ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀; eyín rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ síwájú, ó wá yí sókè. Erin igbó kéré sí i. Etí tirẹ̀ rí roboto, eyín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì nà sísàlẹ̀ gbọọrọ, kó má baà há sáàárín igi àti ìtàkùn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ wọn, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó ka èékánná márùn-ún ní ẹsẹ̀ iwájú erin igbó àti mẹ́rin ní ti ẹ̀yìn. Ti erin ọ̀dàn máa ń jẹ́ mẹ́rin níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Èyí tó wúwo jù nínú gbogbo ìyàtọ̀ wọn kò hàn sí ojú. Abo erin ọ̀dàn lè bí àkọ́bí rẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12. Ti inú igbó máa ń tó ọmọ ọdún 23 kó tó bí, yóò sì tún tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó bí òmíràn. Bí ọdẹ bá pa abo erin igbó kan lónìí, ọmọ tó bí lánàá yóò ti di àgbàlagbà kó tó gba ipò ìyá rẹ̀.

Èdè àìyedè lórí erin ti pẹ́. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó bẹ̀rẹ̀ ètò orúkọ méjì-méjì tí a ṣì fi ń pe ẹranko, kọ erin sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1758, orúkọ kan ló sì fún gbogbo erin ayé. Lára ohun tó gbé orúkọ náà lé ni oyún erin kan tí wọ́n rì sínú ìgò, tó wà ní Stockholm títí di òní. Erin Éṣíà ni wọ́n ní ó jẹ́. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ yẹ èròjà ara oyún náà wò fínnífínní, wọ́n bá a pé ọmọ erin Áfíríkà ni. Fún ohun tó ju 250 ọdún lọ, oyún ẹranko kan ló ń jẹ́rìí fún orúkọ ẹranko mìíràn. Ní ọdún 1900, Paul Matschie, ọmọ Jámánì, wo erin tó ti Kamẹrúùnù wá, ó ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, ó sì pè é ní *cyclotis*, ìyẹn elétí roboto. Àwọn tó tẹ̀lé e kò gbà. Wọ́n ní ìyàtọ̀ yẹn kò ju ti àdúgbò lọ, wọ́n sì dá erin igbó padà sábẹ́ erin ọ̀dàn.

Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ mú DNA erin, ìyẹn èròjà inú ara tí òbí fi ń jogún ìrísí fún ọmọ, láti ibi púpọ̀ ní Áfíríkà, wọ́n rí i pé àwọn méjèèjì ti pínyà tipẹ́tipẹ́. Ní 2010, àwọn mìíràn fi wọ́n wé àwọn ẹbí wọn tó ti kú àkúrun. Wọ́n rí i pé àlàfo tó wà láàárín erin igbó àti erin ọ̀dàn jìn tó èyí tó wà láàárín erin Éṣíà àti mámọ́ọ̀tì, erin onírun tó gbé láyé nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀ Yúróòpù. Kò sí ẹni tó ń pe erin Éṣíà ní mámọ́ọ̀tì.

Láti 2001 sí 2021 jẹ́ ogún ọdún. Láàárín 2002 sí 2011 nìkan, erin igbó tó wà ní Áfíríkà àárín gbùngbùn dín ní ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún, eyín wọn sì ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pa wọ́n. Àwọn tó fà sẹ́yìn ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní àwọn erin kan wà tó jẹ́ àdàlù, tí baba wọn jẹ́ ti ọ̀dàn, ìyá wọn ti igbó. Wọ́n bẹ̀rù pé bí òfin bá dárúkọ ẹ̀yà méjì, àwọn àdàlù yìí lè má rí ẹni dáàbò bò wọ́n. Ẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lórí òṣùwọ̀n, ohun tí ìdúró yẹn ná wa pọ̀ ju ohun tó dáàbò bò lọ.

Kí ló fà á tí àdàlù fi lè dá iṣẹ́ dúró tó bẹ́ẹ̀? Ìtumọ̀ ẹ̀yà tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé ìwé ni. Ní ọdún 1942, Ernst Mayr, ọmọ Jámánì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé e kalẹ̀ pé ẹ̀yà ni àkójọ ẹ̀dá tó ń bá ara wọn gùn tí wọ́n sì ń bímọ nínú igbó, tí wọn kì í bá àwọn mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yé gbogbo ènìyàn kíá. Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè bí ìbaaka, ṣùgbọ́n ìbaaka kì í bímọ, nítorí náà ẹ̀yà méjì ni ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ajá tó tó ọmọ ológbò àti ajá tó tó àgùntàn, ẹ̀yà kan ni wọ́n, nítorí ọmọ wọn ń bímọ.

Ní igbó Kibale ní Uganda, níbi tí igbó ti fẹnu kan ọ̀dàn, erin méjèèjì pàdé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà sì ń bímọ. Bí ẹ bá di òfin Mayr mú ṣinṣin, ẹ̀yà kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ kò tó nǹkan lára gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé, àdàlù náà kò sì wọ inú àwọn yòókù lọ. Láti àìmọye ọdún ni ẹnubodè wọn ti wà lójú kan.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le. Ẹ kúrò ní Ọ̀yọ́, ẹ gba Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú, ẹ kọjá sí Oǹdó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, kí ẹ tó wọ Warri lọ bá àwọn Ìtsẹkírì. Níbi gbogbo tí ẹ bá dé, ará ibẹ̀ gbọ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò kúrò nílé rí, kí ẹ gbé e sáàárín àwọn Ìtsẹkírì: yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, méjì á fò ó, yóò sì máa wojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ èdè ní ẹ̀ka èdè ni ti Ìjẹ̀bú, èdè tó dá dúró ni ti Ìtsẹkírì. Ní Tógò, wọ́n ka èdè àwọn Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé náà sí èdè ọ̀tọ̀. Ojú òpó wo ni ọ̀kan ti parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀? Kò síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé nítorí pé a kò rí òpó náà, Yorùbá àti Ìtsẹkírì kò yàtọ̀. Bí ẹranko ṣe ń ya kúrò lára ẹbí rẹ̀ nìyẹn. Ọdún máa ń gorí ọdún kí ọ̀kan tó di méjì, nígbà tí a bá sì dé bá wọn, àwọn kan ti yà tán, àwọn kan ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ti igi àti ewéko tún le jù bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ dúró ní ìdí ìyá oníṣu lọ́jà kí ẹ ní kó dárúkọ ohun tó wà lórí àtẹ. Yóò sọ fún yín pé ewùrà nìyí, ìgángán nìyí, èsúrú nìyẹn. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí pín iṣu funfun fúnra rẹ̀ sí ẹfùrù, láṣírì, àmúlà. Ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n, kó tó fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀ kí ẹ rí inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ bá a ṣọ̀kan lórí ewùrà àti èsúrú pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n nípa iṣu funfun àti ìgángán tó pọ́n nínú, wọn ò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ẹ̀yà méjì ni, *Dioscorea rotundata* àti *Dioscorea cayenensis*. Àwọn kan pa orúkọ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan kí wọ́n lè simi.

Ibi tí iṣu funfun ti wá gan-an ṣì ń fa iyàn. Ní 2019, ìwádìí kan ní inú iṣu igbó kan ló ti wá, tí àwọn àgbẹ̀ ẹkùn odò Ọya sọ di ti oko. Ní 2020, ìwádìí mìíràn, tó lo iṣu tí IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, kó jọ, ní àdàlù ni, pé iṣu igbó kan àti iṣu ọ̀dàn kan ló bí i. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, iyán tí a ń jẹ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà méjì tí wọ́n ní kò yẹ kó bá ara wọn bímọ. Àgbẹ̀ kì í sì dúró kí akọ iṣu àti abo iṣu pàdé. Ó gé èbù, ó rì í sínú ebè, iṣu ọdún tó kọjá ló tún padà hù. Báwo ni a ó ṣe fi òfin ta ló ń bá ta gùn wọn irú ẹ̀dá báyìí? Bakitéríà kò tilẹ̀ gùn rárá, ńṣe ló ń là sí méjì. Àwọn egungun tí wọ́n ń wú nínú ilẹ̀ náà ń kọ́? Kò sí ẹni tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bímọ. Abájọ tí ìtumọ̀ ẹ̀yà fi ti ju 20 lọ nínú ìwé àwọn onímọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń rò pé iyàn orúkọ lásán ni gbogbo èyí, kó wo ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri jù lọ ní ilẹ̀ wa, *Anopheles gambiae*, ni wọ́n kọ́kọ́ kà sí ẹ̀yà kan ṣoṣo. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹ̀fọn láti ibi oríṣiríṣi pọ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n lè gùn. Wọ́n bá a pé lọ́pọ̀ ìgbà àwọn akọ tí wọ́n bí kò lè bímọ, bíi ti ìbaaka. Ẹ̀yà bíi mélòó kan ló fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan. Ẹ fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n títí di alẹ́, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbára lé. DNA ló ń yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwà wọn jìnnà síra. Ọ̀kan fẹ́ omi oníyọ̀ ti etíkun, irú àbàtà tó wà lọ́nà Badagry. Ọ̀kan wà tó fẹ́ ẹ̀jẹ̀ màlúù ju ti ènìyàn lọ, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ kó ibà ran wa. Òmíràn, *arabiensis*, lè mu ti ènìyàn, ó lè mu ti màlúù, ó sì fẹ́ràn láti sinmi níta.

Láti 1969 sí 1976, àjọ WHO àti ìjọba Nàìjíríà bá ibà jà ní Garki, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kano nígbà náà, tó ti di ara Jigawa lónìí. Wọ́n fín oògùn sí ara ògiri inú ilé, wọ́n sì fún àwọn ará abúlé ní oògùn ibà lò. Ibà dín kù, kò lọ. Mario Coluzzi, onímọ̀ ẹ̀fọn ọmọ Ítálì, wo kúrómósómù àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé DNA. Ó rí i pé àwọn tó ń sinmi níta yàtọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ sí àwọn tó ń sinmi nínú ilé. Ẹ̀fọn tí kì í bà lé ògiri, kí ni oògùn ara ògiri fẹ́ fi í ṣe?

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Nínú *gambiae* fúnra rẹ̀, wọ́n tún rí agbo méjì. Ọ̀kan ń yé ẹyin sínú omi òjò tó dúró díẹ̀, irú èyí tó máa ń kún ojú ẹsẹ̀ màlúù lẹ́yìn òjò, tí oòrùn á fà gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èkejì fẹ́ omi tó ń pẹ́, bí oko ìrẹsì tàbí gọ́tà tí kò ṣàn. Bí ẹ bá kó wọn sínú àgò kan náà, wọn yóò bímọ, ọmọ wọn yóò sì bímọ. Níta, wọn kì í sábà bá ara wọn ṣe. Ní 2013, wọ́n yà wọ́n ní ẹ̀yà méjì, wọ́n sì pe ti omi tó ń pẹ́ ní *coluzzii*, láti fi rántí Coluzzi tó kú ní ọdún tó ṣáájú. Ẹ wo bí àpẹẹrẹ ìbaaka kò ṣe tó níbí. Nínú yàrá àyẹ̀wò ẹ̀yà kan ni wọ́n, níta ẹ̀yà méjì. Àwọn àdàlù díẹ̀ tí wọ́n ń bí níta yẹn náà kò ṣeé fojú kéré: ọ̀nà wọn ni jíìnì tó ń jẹ́ kí ẹ̀fọn borí oògùn ara nẹ́ẹ̀tì gbà wọ inú *coluzzii*. Ẹni tó ń pín nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n, kó sì tún mọ̀ pé ìlẹ̀kùn àárín wọn kò tì pa.

Àgùnfọn ló kàn lẹ́yìn erin. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, IUCN gbà pé àgùnfọn tí a ń pè ní ẹ̀yà kan jẹ́ mẹ́rin: ti àríwá, ti ara bí àwọ̀n, ti Masai, àti ti gúúsù. Wọ́n wo DNA, wọ́n wo egungun orí, wọ́n wo odò àti aṣálẹ̀ tó pín wọn níyà. Ti gúúsù lé ní 68,000. Ti àríwá kò ju bí 7,000 lọ, ìyẹn sì ni èyí tó kan ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1898, Oldfield Thomas tó wà ní London kọ ìwé lórí ẹ̀ka àgùnfọn kan tó pè ní *peralta*. Ibi tí wọ́n ti mú èyí tó fi sọ ọ́ lórúkọ ni Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bénúé ti pàdé. Lónìí, ní orílẹ̀-èdè Niger, pàápàá ní agbègbè Kouré, ni àwọn tó ṣẹ́kù wà. Wọ́n kù 49 ní 1996 kí ìtọ́jú tó sọ wọ́n di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nígbà tí gbogbo àgùnfọn jẹ́ ọ̀kan nínú ìwé, iye ti gúúsù ló ń bo àìtó ti àríwá mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan sì wà tí wọ́n ṣì ń jiyàn pé mẹ́ta ni àgùnfọn.

Irú iyàn báyìí ló mú kí àwọn onímọ̀ méjì láti Australia kọ̀wé ní 2017 pé ètò ìsọlórúkọ ti di rúdurùdu, pé ó yẹ kí àjọ kan wà tí yóò máa pàṣẹ iye ẹ̀yà tó wà. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀ ọ́ tagbáratagbára, wọ́n ní a kì í fi ìbò pinnu ìmọ̀. Mo wà lẹ́yìn àwọn tó kọ̀. Kevin de Queiroz, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ti la ọ̀nà kan tó tọ́ lójú mi. Ó ní ohun kan ni gbogbo ìtumọ̀ yìí jọ ń wá: ìran ẹ̀dá tó ti ya ọ̀nà tirẹ̀, tó sì ń dá lọ. Etí roboto, DNA, àìbímọ, omi tí ẹ̀fọn yé sí, ẹ̀rí ni gbogbo wọn pé ìyapa ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo ẹ̀rí máa ń pé. Bí a bá gba èyí, kò yẹ ká máa retí kí ẹ̀rí tó kẹ́yìn dé ká tó na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sí ẹ̀dá tó ń kú lọ.

Nàìjíríà ní erin méjèèjì. Àwọn tó wà ní Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, erin ọ̀dàn ni wọ́n. Àwọn tó wà ní igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Okomu ní ìpínlẹ̀ Edo, erin igbó ni. Ní Ọmọ̀, àwọn agégẹdú àti àwọn tó ń dá oko kòkó ń jẹ igbó náà wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Bí a bá ka gbogbo wọn pọ̀ ní erin Nàìjíríà, tí ti Yankari sì pọ̀ sí i lọ́dún kan, àkọsílẹ̀ lè dára lójú ìwé nígbà tí ti Ọmọ̀ ń tán lọ. Bí ti Ọmọ̀ bá sì tán, kò sí erin kankan ní Yankari tí a lè kó wá síbẹ̀ láti rọ́pò wọn.